Ọjọ́ Tí A Kọ̀ Láti Wẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn jọ ń lọ sí ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń pín in kiri láàárín ara wọn. Ìkìlọ̀ ni: ẹ ṣọ́ ọmọ yín, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ayé ti yí padà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ fi ìmọ̀ràn kan sí ìsàlẹ̀ pé, bí ẹnikẹ́ni bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, kí ìyá rẹ̀ tètè fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ó fọ aṣọ rẹ̀, kí ó gbàdúrà sí i lórí, kí ó tó sọ fún ẹnì kankan.

Mo kà á tán, mo tún un kà. Mo pe ọmọ mi.

"Dámilọ́lá, èèyàn mélòó ló ti rí nǹkan yìí?"

"Mọ́mì, ta ló lè ka iye wọn? Ó ti kárí."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbà á gbọ́?"

Ó ní, "Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Omi gbígbóná kẹ̀?"

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọmọ yìí wà nílé lọ́jọ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, a sì lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àwọn náà ti di àgbà wàyí, wọ́n ti di ìyá ọmọ. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú àwa yìí, kí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì lé mẹ́wàá tó dé. A ti kó kúrò ní Muṣin wá sí Mowé. Àdúgbò wa kò ní títì ọlọ́dà, ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí sì pọ̀ ju èyí tí èèyàn ń gbé lọ. Ọkọ mi a máa jáde lọ sí Èkó nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kò ní dé títí ọmọ á fi sùn. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ Dámilọ́lá, mo sì ń ṣọ́ ọ débi pé ó máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ tún máa tẹ̀ lé mi dé ṣáláńgá ni?" Mo máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ onílé ló ń darí àdúgbò náà. Àwa obìnrin ní ẹ̀ka tiwa, onílé àti ayálégbé ló wà níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé mo parí ilé ìwé gírámà, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan wà ní bó ṣe yẹ kó wà. Iṣẹ́ tó tóbi jù fún wa ni ti ọjọ́ ìmọ́tótó. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ìjọba kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láàárọ̀, oníkálukú á jáde wá tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Àwọn ọkùnrin á gé igbó, àwa obìnrin á bọ́ sínú gọ́tà, a ó máa fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ òórùn rẹ̀.

Ìyá Sèkínà ni aládùúgbò mi. Èèyàn Ìfọ̀ ni, ó ń ta ìṣó àti páànù fún àwọn tó ń kọ́lé. Sèkínà ni àkọ́bí rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ọmọ náà nìyẹn, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ó lọ pọn omi ní ilé Alága ẹgbẹ́ onílé, níbi tí gbogbo wa ti ń pọnmi. Ó padà wálé láìgbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀. Àbúrò ìyàwó Alága, ọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló fà á wọ inú yàrá. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin náà ti kúrò ní Mowé.

Ìyá Sèkínà ké pè mí láti orí ògiri. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbé omi kaná, ó ti mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú dání. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ ohun tí mo mọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, dókítà obìnrin kan wá bá àwa ìyá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í ní ìbéèrè débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Dámilọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni?" Mo kàn bẹ̀rù fún ọmọ mi ni. Ohun tí dókítà yẹn sọ ni pé kí a má wẹ ọmọ náà, kí a má fọ aṣọ rẹ̀, kí a di aṣọ náà sínú bébà, kì í ṣe sínú ọ̀rá, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tó ń dènà kòkòrò éèdì, òmíràn wà tó ń dènà oyún, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mẹ́ta bá fi kọjá, oògùn éèdì yẹn kò ní wúlò mọ́. Bó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó.

Mo ní, "Ìyá Sèkínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ omi yẹn kalẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kí n sọ ọ́ kalẹ̀? Kí ọmọ mi máa wà nínú ìdọ̀tí ọkùnrin yẹn? Ìyá wo ló máa rí èyí tí kò ní wẹ ọmọ ẹ̀?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ohun tó máa mú ọkùnrin yẹn wà lára ọmọ àti lára aṣọ rẹ̀. Kété tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, a ó wẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi ni máa bá yín pọn omi rẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ìwọ̀n ohun tí mo béèrè yẹn. Láàárín wa, omi ni ìyá fi ń gba ọmọ rẹ̀ padà. Ọmọ ṣubú, a wẹ̀ ẹ́. Ó ti ìrìn àjò dé, a wẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ gbóná, a wẹ̀ ẹ́. Ìyá Sèkínà sọ garawa kalẹ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń sunkún. Omi yẹn tutù síbẹ̀.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tilẹ̀ dìde. "Ìwé ọlọ́pàá ńkọ́?" A ní a kò tíì lọ. Ó ní kí a lọ gbà á wá, nítorí láìsí i, àwọn kì í fọwọ́ kan irú rẹ̀. A gun ọ̀kadà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó wà ní kàǹtà béèrè ibi tí afurasí wà.

Ìyá Sèkínà ní, "Ó ti sá lọ."

"Ẹ lọ wá a kàn, kí ẹ tó wá bá wa."

"Ṣé èmi ni ọlọ́pàá ni àbí ẹ̀yin?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí ìwé kò sí nítòsí, kí a padà wá lọ́la. Lọ́la ni ọjọ́ ìmọ́tótó, ọkọ̀ kò ní rìn.

Bí a ṣe ń padà, Sèkínà fà mí láṣọ. Láti ìgbà tó ti padà láti ibi omi, kò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́ta. "Mọ́mì Dámilọ́lá, ṣé mo lè wẹ̀ wàyí?"

Mo ní kò tíì yá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára bíi tirẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí ẹnu gọ́tà, mo sọ fún àwọn obìnrin tó wà nínú ẹrẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu ìyá ọmọ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní a ti sọ fún ọmọ yìí pé kó má wẹ̀, ó sì gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ní èmi náà kò ní wẹ̀ títí òun yóò fi wẹ̀.

Ìyá kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Ìyá Onílẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ àdúgbò náà kí a tó dé. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe ìmọ́tótó lẹ́yìn òun. Ó ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀. "Èwo ni ká tún máa lọ wẹ̀ sí? Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí, bá a ṣe wà yìí."

Bí a ṣe wà yẹn náà la lọ. A tó ogún obìnrin, ẹrẹ̀ gọ́tà dé orúnkún wa, ó wà lára ìró, ó wà lára ìborí. Ìyá Sèkínà àti ọmọ rẹ̀ ló wà níwájú, aṣọ àná wà nínú bébà lábẹ́ apá ìyá. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn ìsáàlì fọ ilẹ̀ tán ni, nítorí pé àwọn wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tí bẹ́ǹṣì kò gbà jókòó sílẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù sáré jáde. "Áà! Áà! Kí lẹ rò pé ẹ ń ṣe? Ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀!"

Ìyá Onílẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mátírọ́ọ̀nù. Ìmọ́tótó la wá ṣe. Ìdọ̀tí tó wà níbí ju ti gọ́tà wa lọ."

Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé ó jù mí lọ, mo sì ṣe àlàyé. Ó ní àánú ọmọ náà ṣe òun, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, níbo ni wọ́n kọ òfin yẹn sí? Ẹ jẹ́ kí n kà á."

Ó ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn."

"Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

"Ẹni tí mo bá níbí." Ó wò yí ká, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ ò mọ̀ ni. Ọlọ́pàá ti mú akẹgbẹ́ mi kan rí nítorí ẹni tó tọ́jú láìsí ìwé. Ẹ̀yìn kàǹtà ló sùn. Bí wọ́n bá mú mi, ta ló máa bá mi tọ́jú ọmọ?"

Ẹni ibi kọ́ ni Mátírọ́ọ̀nù. Ẹ̀rù ló ń bà á, bí ẹ̀rù ṣe ń ba èmi náà. Ìyá Onílẹ̀ ní, "Àwa ni. Bí wọ́n bá wá mú ọ, kí wọ́n mú gbogbo wa. Ẹ̀yìn kàǹtà wọn á kún fún ẹrẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀rín yẹn la wà tí Alága fi dé, nínú ṣòkòtò kúkúrú tó fi ń gé igbó. Ó ní ohun tí a ń ṣe kò dára. "Ẹ jẹ́ ká lọ parí ẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Ìyá Onílẹ̀ ní, "Ẹbí ta ni? Ìgbà wo lẹ wá tọrọ ọmọ fún àna yín?"

"Mama, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bi ọmọ náà ohun tó ń wá ní ẹnu ọ̀nà yàrá ọkùnrin."

"Omi," ni Ìyá Sèkínà sọ. "Omi tẹ́ ẹ ń tà fún wa."

Mo ní, "Alága, wọ́n ní à ń lé akátá lọ ná ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Akátá tiyín ti wọ ọkọ̀ lọ lánàá. Èwo ni ti adìẹ?"

Ó yíjú sí àwọn ìyókù. "Ẹ̀yin ni ẹ máa jìyà ẹ̀. Bí orúkọ àdúgbò bá bàjẹ́, ta ló tún máa wá ra ilẹ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ni mo ni ilẹ̀," ni Ìyá Onílẹ̀ fèsì. "Mi ò tà mọ́."

Alága bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú ṣì wà ní títì. Oòrùn ti mú, ẹrẹ̀ ń gbẹ lára wa, ó ń yún wá. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà yẹn ni Sèkínà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ lọ wẹ̀. Ẹ máa ṣàìsàn. Èmi á dúró."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ti wọ́ lójú gbogbo wa, òun ló tún ń bẹ̀rù pé kí àwa má ṣàìsàn. Mátírọ́ọ̀nù bojú wẹ̀yìn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó yíjú padà, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Dìde, ọmọ mi. Kí ìyá rẹ̀ nìkan bá a wọlé. Ẹ̀yin ìyókù, ẹ má fi ẹrẹ̀ kan ògiri mi."

Ó pẹ́ nínú yàrá náà, nítorí pé kò ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà, kí ó sì dúró de èsì rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gba aṣọ inú bébà, ó fún un ní oògùn tó ń dènà oyún. Ó wá sọ fún wa pé oògùn kòkòrò éèdì kò sí níbẹ̀. Àfi kí a dé ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú míì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò sì rìn.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń rìn ní àárọ̀ yẹn: ọkọ̀ àwọn wolé-wolé. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ọ̀gá wọn lanu láti pariwo. Mátírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti pé òun ni òun ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wolé-wolé náà wo Ìyá Onílẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ tètè gbé ọmọ wá sínú ọkọ̀."

Mátírọ́ọ̀nù bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún sọ̀rọ̀ ìwé ọlọ́pàá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, ó ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Mo pọn omi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Ìyá Sèkínà wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àwa tó wà níta ń gbọ́ ìró omi títí wọ́n fi jáde. Lẹ́yìn náà la tó fọ ilẹ̀ Mátírọ́ọ̀nù, tí a lọ sílé lọ wẹ̀.

Wọ́n rí oògùn náà gbà kó tó pẹ́ jù. Oṣù kan gbáko ni Sèkínà fi lò ó, ó sì ń mú un bì. A pín ìrọ̀lẹ́ láàárín ara wa: ẹnì kan á gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ, á jókòó tì í, kò ní béèrè nǹkan kan. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Bó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, a ó bá a wò ó. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn náà dára.

Mo fẹ́ ṣe òótọ́ nípa ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí. Ní ilé ìwòsàn yẹn, láti ọjọ́ náà, wọn kò tún béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ìbátan Ìyá Sèkínà kan sọ fún wa pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbìkan lọ́nà Ìfọ̀, a sọ fún àwọn obìnrin Akútẹ̀ àti Ajúwọ̀n tó wà lágbègbè náà. Àwọn náà lọ pẹ̀lú aṣọ ìmọ́tótó wọn, wọn kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi dá wọn lóhùn. Èyí la rí.

Ṣùgbọ́n wọn kò mú ọkùnrin yẹn. Aṣọ inú bébà tí Mátírọ́ọ̀nù fi ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá wà níbẹ̀ títí a kò fi mọ ibi tí wọ́n gbé e sí mọ́. Àwọn èèyàn àdúgbò ń wo Sèkínà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kó padà sí Ìfọ̀. Ọmọ náà fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà. Ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ó sì fún mi láyè láti kọ èyí. Mo bi í bóyá ohun kan wà tó fẹ́ kí n fi kún un. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ó dùn mí pé mi ò tètè wẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé wọ́n bá mi dúró." Gbèsè tó kù ni pé kí oògùn yẹn wà ní gbogbo ilé ìwòsàn tó sún mọ́ èèyàn, kí ọmọ má tún wọ ọkọ̀ wolé-wolé kó tó rí i.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Bí ìkìlọ̀ orí fóònù yẹn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín tàbí ọmọ aládùúgbò yín, ẹ má bi í ní ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ di aṣọ rẹ̀ sínú bébà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ka èyí, ẹ ṣì gbé e lọ, oògùn ṣì wúlò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ gba ìwé wá, ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Omi wà nílé, kò ní lọ síbì kankan.